Ọwọ́ Rẹ̀ Ni Mo Yìn, Mi Ò Yin Abẹ́rẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Àjárá ní Badagry ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Tíṣà ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa. A ń kọ́ yàrá kan tí a ó ti máa tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan: ká wẹ̀ fún wọn, ká fún wọn lóúnjẹ, ká bá wọn di egbò wọn. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé orúkọ Mother Teresa la máa kọ sí iwájú rẹ̀. Àfi bí ọmọ mi ṣe ti yunifásítì dé tó ní obìnrin náà kò yẹ lẹ́ni à ń yìn. Ó ní ó fẹ́ràn ìyà tálákà ju tálákà fúnra rẹ̀ lọ, ó ní ó gbowó olè. Ó ń ṣí fóònù hàn mí, mo ń bínú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mi ò sùn dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́, ṣé ó yẹ lẹ́ni tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, àbí kò yẹ?"

Tíṣà mi, ẹ kú àìsùn.

Ẹ má bá ọmọ yín jà. Púpọ̀ nínú ohun tó fi hàn yín ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀yin náà gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan náà ló ṣe méjèèjì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìbéèrè yín le.

Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkòròdú níbí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí dọ́kítà ti sọ fún ẹbí wọn pé kò sí ohun tó kù láti ṣe ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn onijẹjẹrẹ, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀, àwọn arúgbó tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí kò sẹ́ni tó padà wá gbé wọn. Ojú nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ti ẹni mímọ́, ọ̀dọ̀ Póòpù nìyẹn wà, Póòpù Francis sì ti parí tirẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016. Ohun tí ẹ bi mí ni bóyá ó yẹ kí àwa yòókù, ará ìta, Mùsùlùmí, ẹni tí kì í lọ síbì kankan lọ́jọ́ Sunday, bóyá ó yẹ kí àwa náà máa yìn ín.

Ìdáhùn mi rèé, kí ẹ má baà máa wá a kiri: ọwọ́ rẹ̀ yẹ ní yíyìn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò yẹ. Owó kan wà tó gbà tí ìyẹn náà kò yẹ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára yàrá yín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yàrá náà bí ó ṣe ṣe tirẹ̀.

(Ẹ ó ti rí i pé "ó" ni mò ń lò fún un, mi ò sọ pé "wọ́n". Kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Nínú èdè wa, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "wọ́n", ìdajì ẹnu mi ti dí. Ta ló máa bi "wọ́n" pé níbo ni wọ́n ti ń fọ abẹ́rẹ́?)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́. Ọmọ ẹ̀yà Albania ni, Anjezë Gonxhe Bojaxhiu lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Skopje lọ́dún 1910. Ó di sístà lọ́dún 1928, ó dé India lọ́dún 1929, iṣẹ́ tíṣà bíi tiyín ló sì ṣe ní Calcutta fún nǹkan bí ogún ọdún, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ọgbà tó ní ògiri gíga. Lẹ́yìn ògiri yẹn, ìyàn mú ní Bengal lọ́dún 1943, èèyàn tó kú kò níye. Ní oṣù Kẹjọ 1946, Híńdù àti Mùsùlùmí para wọn ní ìgboro Calcutta, òkú wà nílẹ̀ káàkiri. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Darjeeling, ó ní Ọlọ́run pe òun pé kí òun jáde lọ máa gbé láàárín àwọn tálákà. Lọ́dún 1948 wọ́n gbà fún un. Ó ra sáárì funfun tí etí rẹ̀ ní ìlà búlúù, ó lọ sí Patna fún oṣù díẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 1950 ó dá ẹgbẹ́ sístà tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1952 ìjọba ìlú fún un ní ilé kan tí àwọn tó wá bọ òrìṣà máa ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Kali, ní Kalighat, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó ń kú lọ lójú títì wọ ibẹ̀. Bí Mùsùlùmí bá ń kú lọ, wọ́n á ka Kùránì sí i létí. Bó bá jẹ́ Híńdù, wọ́n á fi omi odò Ganges kán an lẹ́nu. Àwọn kan tó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà sọ pé wọ́n máa ń rìbọmi fún èèyàn níkọ̀kọ̀ bó bá ti ń kú lọ. Ìyẹn burú bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn sístà sì sẹ́ ẹ.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè máa rò pé "gbígbé èèyàn kúrò nílẹ̀" kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Wọ́n fi bárò ti bàbá kan wá bá wa rí, láti ìdí ìsọ̀ kan nínú ọjà tó ti ń sùn. Egbò ni gbogbo ojúgun rẹ̀ ọ̀tún, ó ti fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò dì í, aṣọ náà ti gbẹ mọ́ ara. Àwọn tó tì í wá ti di imú wọn, wọ́n sì ti lọ. Bí o bá kánjú fa aṣọ yẹn, awọ á bá a wá. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lèèyàn máa ń lò, díẹ̀díẹ̀, wàá máa kán an sí i títí aṣọ á fi fúnra rẹ̀ tú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò lórí ìbú ọwọ́ kan. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé, "Ta ló rán ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Lọ́jọ́ kẹta ó kú, orí ibùsùn ló kú sí, ara rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí mo ṣe tó mú un pẹ́ sí i láyé. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn wúlò, òun náà mọ̀.

Ohun tí Mother Teresa ṣe nìyẹn, kò sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe é títí, ó sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin láti máa ṣe é. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 1997, sístà rẹ̀ ti tó nǹkan bí 4,000, wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 120. Nígbà tí wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà lọ́dún 1979, ó ní kí wọ́n má se àsè tí wọ́n máa ń sè fún ẹni tó gbà á, kí wọ́n fi owó àsè náà fún àwọn tálákà. Ọmọ yín lè máa fi bó ṣe wù ú ṣẹ̀fẹ̀, ẹ bi í bóyá òun ti wẹ̀ fún arúgbó tó ti tọ̀ sára rí. Mi ò fi bú u o. Kó kàn mọ ohun tó ń wọ̀n ni.

Ó wá kan abẹ́rẹ́.

Lọ́dún 1994, Robin Fox, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn dọ́kítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet, kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ní Kalighat. Ó yìn wọ́n: ó ní ibẹ̀ mọ́, wọ́n ń tọ́jú egbò, wọ́n sì ń ṣàánú. Apá yìí kì í sí nínú ohun tí àwọn ọmọ ń rí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ó tún ní kò sẹ́ni tó ń yẹ aláìsàn wò dáadáa láti mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn sístà àti olùyọ̀ǹda tí wọn kì í ṣe dọ́kítà ló ń pinnu nígbà púpọ̀. Ẹni tó lè yè àti ẹni tó ń kú lọ, ibì kan náà ni wọ́n jọ wà. Oògùn ìrora tó lágbára kò sí. Àwọn olùyọ̀ǹda tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ti sọ ọ́ léraléra pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ẹnì kan, omi tútù ni wọ́n fi ń ṣàn án kí wọ́n tó gún un fún ẹlòmíì.

Tíṣà, níbí ni ara mi ti kọ́kọ́ bù máṣọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì sí sìríǹjì àlòdànù níbi gbogbo. Onígíláàsì la ní. A ní ìkòkò tí a fi ń se wọ́n, irin pẹlẹbẹ tó ní ọmọrí, bí omi bá ti hó, a ó wo aago, a ò gbọdọ̀ ṣí i títí 20 ìṣẹ́jú á fi pé. Sístà tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń dúró tì wá, bí o bá ṣí i ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún, wàá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́dọ̀wú ń bá ẹnu abẹ́rẹ́ kiri, kòkòrò HIV náà ń bá a kiri. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé tálákà ni wọ́n, ilé àánú ni, mo máa bi í pé èló ni omi gbígbóná? Kò sí ìyá arúgbó kan ní Badagry tí kò lè gbé ìkòkò kaná. Ilé tí owó ń wọlé fún láti gbogbo ayé lè se abẹ́rẹ́. Bí kò bá sè é, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ti oògùn ìrora, mo máa gbèjà rẹ̀ díẹ̀. Mọ́fíìnì, èyí tí a máa ń pò mọ́ omi fún onijẹjẹrẹ kó máa mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kò rọrùn láti rí ní India. Òfin oògùn olóró tí ìjọba ibẹ̀ ṣe lọ́dún 1985 dẹ́rù ba dọ́kítà àti ilé ìwòsàn débi pé púpọ̀ nínú wọn jáwọ́ nínú rẹ̀, ọdún 2014 ni wọ́n tó dẹ òfin náà. Ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà, ibi tí èèyàn á kú sí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ló sọ pé òun ń ṣe, kò sọ pé ilé ìwòsàn ni. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn wà tí ọmọ yín kò dárúkọ fún yín, nítorí kì í sábà sí nínú ìjà yìí: Cicely Saunders, ní London. Onígbàgbọ́ gidi lòun náà. Nọ́ọ̀sì ni, ó padà di dọ́kítà nítorí pé ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń pa ìrora. Lọ́dún 1967 ó ṣí ilé àwọn tó ń kú lọ, St Christopher's, ibẹ̀ ló sì ti fi han ayé pé bí o bá fún aláìsàn ní mọ́fíìnì ní wákàtí tó yẹ, kí ìrora tó padà dé, ó lè jókòó, ó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lè jẹun. Lọ́dún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìtọ́jú ìrora jáde. Ní India kan náà, lábẹ́ òfin líle kan náà, àwọn dọ́kítà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Calicut lọ́dún 1993, wọ́n ń wá mọ́fíìnì fún tálákà. Lọ́dọ̀ tiwa, UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí. Nítorí náà ìmọ̀ wà nílẹ̀. Oṣù díẹ̀ tó lò ní Patna lọ́dún 1948 tó fún ọdún 1948. Kò tó fún ọdún 1994. Mi ò rí ẹni tó dá a dúró láti tún lọ kọ́ ọ.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ tó gbà nípa ìyà ló fà á. Ó gbà pé ẹni tó bá fara da ìyà, ó bá Krístì pín nínú ìyà tirẹ̀. Kátólíìkì ni yín, ẹ mọ ẹ̀kọ́ náà jù mí lọ. Òun fúnra rẹ̀ gbé e: ìwé tó kọ sí àwọn àlùfáà rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbàdúrà nínú òkùnkùn, tí kò gbúròó Ọlọ́run, tó ṣì ń jí lóru lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ̀rù rẹ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ ara ẹni la fi ń gbààwẹ̀, a kì í fi ara ẹlòmíì gbà á. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Róòmù lọ́dún 1983, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lọ́kàn lọ́dún 1989, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní California lọ́dún 1991. Mi ò fi ìyẹn bú u, ta ni kò ní fẹ́ kí ìyá òun yè? Ohun tó kàn dùn mí ni pé ẹni tó wà lórí ibùsùn kékeré ní Kalighat náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin olówó kan ní Amẹ́ríkà, Charles Keating, fún un ní dọ́là 1,250,000. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Keating dẹnu kọlẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ arúgbó lọ sí i. Lọ́dún 1992, Mother Teresa kọ̀wé sí adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ jìbìtì Keating pé kó ṣàánú ọkùnrin náà. Agbẹjọ́rò ìjọba kan, Paul Turley, kọ̀wé padà sí i: owó tí wọ́n fún ẹ, owó olówó ni, dá a padà. Kò dáhùn. Lọ́dún 1981 ó ti gba oyè lọ́wọ́ Duvalier, ààrẹ apàṣẹwàá ilẹ̀ Haiti, ó sì yin ìyàwó ọkùnrin náà, nígbà tí ebi ń pa àwọn ará ibẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ yáhù kan kó ìrẹsì 40 àpò wá sí yàrá yín pẹ̀lú onífọ́tò méjì. Ẹ gbà á, ẹ kò mọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí EFCC bá wá kan ilẹ̀kùn pé owó opó kan ni wọ́n fi ra ìrẹsì náà ńkọ́? Ohun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ yẹn ni màá fi mọ̀ yín.

Àwọn kan nínú ohun tí wọ́n ń pín kiri kì í ṣe tirẹ̀ ṣá. Ọ̀rọ̀ sístà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mú ní Ranchi, ní India, pé ó ta ọmọ, ọdún 2018 ni, ìyá náà ti wà nínú sàréè fún ọdún 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Calcutta míì sì ní ẹ̀sùn tí mo gbọ́ ọ yé dáadáa: wọ́n ní ó sọ orúkọ ìlú àwọn di orúkọ gọ́tà lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn onífọ́tò òyìnbó ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mákòkó máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo fi ń tú gbogbo èyí palẹ̀ lórí òkú. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ni. Wọ́n ní kí n wá wo àwọn ọmọ ní ilé ọmọ aláìlóbìí kan, mi ò ní sọ ibi tó wà. Ìyá tó ni ibẹ̀, bó bá kọjá, wọ́n á kúnlẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà, oúnjẹ tí àwọn ọmọ jẹ kù ló ń jẹ. Mo bá ọmọ méjì tó ń wúkọ́ ẹ̀gbẹ nínú yàrá tí ọmọ oṣù mẹ́ta wà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n ń kọ àìsàn sí. Kò sí. Obìnrin kan fà mí létí aṣọ pé, "Ẹ má bi Màmá léèrè, iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe." Mo dákẹ́. Oṣù méjì ni mo fi dákẹ́ kí n tó lọ sọ fún àwọn tó yẹ. Mi ò mọ iye ikọ́ tí oṣù méjì yẹn pín fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ìyá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi ni mo yìn ín débi tí mi ò lè bi í léèrè.

Badagry yín mọ bí a ṣe ń ṣe èyí. Ẹ ń mú àlejò wọ yàrá tóóró tí Seriki Abass kó ẹrú sí, ẹ sì ń mú àlejò kan náà lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1842, tí wọ́n parí lọ́dún 1845. Ẹ kì í fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín nìyẹn nípa obìnrin yìí.

Nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó bá wù yín. Kí ẹ tó ṣí ibẹ̀, ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera tó súnmọ́ yín, kí ọ̀kan nínú wọn máa yà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti wo ẹni tó yẹ kó lọ rí dọ́kítà, torí kì í ṣe gbogbo arúgbó tó bá dùbúlẹ̀ ló ń kú lọ. Ẹ ra ìwé ńlá méjì, ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa yẹ ti owó wò nígbàkigbà tó bá wálé, níwọ̀n ìgbà tó ti lójú ìríran tó bẹ́ẹ̀. Sìríǹjì àti abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ lò ó, kí ẹ jù ú sínú ike líle. Ti àwo àti ẹ̀mú irin tí ẹ fi ń di egbò, ẹ ra ìkòkò kan tó tóbi, tó ní ọmọrí, kí ẹ sì so aago mọ́ ògiri tó kọjú sí sítóòfù.